Ànábì Yákúbù àti Ipò Àkọ́bí

Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ Ànábì Yákúbù, kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá a, nítorí ẹkún tí ó sun lórí Yúsúfù ọmọ rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà èwe kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníwàásù wa. Nínú ìwé àwọn Júù ni mo ti kà á. Alùkùránì kò sọ ọ́, èmi kò sì ní fi í bu Ànábì Ọlọ́run kù.

Ísíákà, ọmọ Ìbùráhíìmù, ti di ẹni 60 ọdún kí Rebeka aya rẹ̀ tó bí ìbejì. Esau kọ́kọ́ jáde. Yákúbù tẹ̀ lé e, ó di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú. Ní ilẹ̀ wa, Kẹ́hìndé ni à bá pè ní ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú òfin àwọn Hébérù, ìlọ́po méjì ogún ni ti àkọ́bí. Nínú ìpín ogún tiwa, àkọ́bí kò gbà ju àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ.

Bàbá fẹ́ràn Esau nítorí ẹran ìgbẹ́ tí ó ń pa wá fún un. Ìyá fẹ́ràn Yákúbù. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ebi ni ó mú kí Esau ta ipò rẹ̀ nítorí ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa. Nígbà tí ojú Ísíákà fọ́, Rebeka wọ aṣọ Esau fún Yákúbù, ó fi awọ ọmọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ àti ọrùn rẹ̀, bàbá fọwọ́ bà á, ó sì súre fún un. Esau dé, ó sunkún kíkorò, ó bèèrè bóyá ìre kan ṣoṣo ni bàbá òun ní.

Yákúbù sá lọ sí Harani, ó sìn Labani, arákùnrin ìyá rẹ̀, fún 20 ọdún. Rakẹli àbúrò ni ó fẹ́. Lea ẹ̀gbọ́n ni wọ́n mú wọlé fún un lóru. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, Esau wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú 400 ọkùnrin. Ẹ̀rù ba Yákúbù púpọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì sunkún. Àwọn méjèèjì náà ni wọ́n jọ sin bàbá wọn.

Ní ti ikú Yákúbù, Alùkùránì sọ fún wa pé ó bi àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Kò bi wọ́n nípa ilẹ̀ tàbí agbo ẹran; ohun tí wọn yóò máa sìn lẹ́yìn òun ni ó bi wọ́n. Gbogbo wọn dáhùn pé Ọlọ́run Ìbùráhíìmù, Ìsìmáílà àti Ísíákà ni. Mo kíyèsí i pé Ìsìmáílà, àkọ́bí Ìbùráhíìmù, ni wọ́n dárúkọ ṣáájú Ísíákà tí í ṣe bàbá bàbá wọn.