Raphael ti Ìlú Urbino: Ayàwòrán Tí Kò Dẹ́kun Ẹ̀kọ́

Ìlú Urbino ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ítálì ni a ti bí Raphael ní ọdún 1483. Ayàwòrán ní ààfin ìlú náà ni Giovanni Santi, bàbá rẹ̀. Inú iṣẹ́ ọnà ni ọmọ náà lajú sí, ṣùgbọ́n ìgbà dídùn rẹ̀ kò pẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1491. Ní ọdún 1494, bàbá rẹ̀ náà tún kú, Raphael sì di ọmọ òrukàn ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Síbẹ̀, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1500 fi ń parí lọ, ìwé àdéhùn iṣẹ́ kan ti pè é ní ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 17 péré ni.

Ohun tí ó ya Raphael sọ́tọ̀ ni pé jíjẹ́ ọ̀gá kò dí i lọ́wọ́ láti máa kẹ́kọ̀ọ́. Ó fara balẹ̀ wo iṣẹ́ Perugino, àgbà ayàwòrán, títí ọwọ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tirẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó Màríà àti Jósẹ́fù tí ó yà ní ọdún 1504 jọ ti Perugino ní ètò, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn inú ti Raphael dà bí ẹni tí ó ń mí. Lẹ́yìn èyí ni ó forí lé ìlú Florence. Lára iṣẹ́ Leonardo da Vinci ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń to ènìyàn pọ̀ nínú àwòrán. Lára iṣẹ́ Michelangelo ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi agbára ara hàn.

Ní ọdún 1508, ó dé ìlú Róòmù, Póòpù Julius Kejì sì gbé iṣẹ́ àwòrán ara ògiri ààfin Vatican fún un. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni àwòrán àwọn onímọ̀ ìjinlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì ìgbàanì, tí Plato àti Aristotle dúró láàárín wọn. Ní iwájú wọn, ọkùnrin kan jókòó, ó fara ti òkúta, ó ń ronú. Ọkùnrin yìí kò sí nínú àwòrán ìpilẹ̀ tí Raphael fi ṣètò iṣẹ́ náà. Ó fi kún un lẹ́yìn ni, ọ̀nà tí ó gbà yà á sì jọ ti Michelangelo gidigidi. Michelangelo kò fẹ́ràn Raphael rárá, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí Raphael má kọ́gbọ́n lára iṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe àwòrán ara ògiri nìkan ni ó mọ̀ ọ́n yà. Ó ya Baldassare Castiglione, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́nà tí ìwà ọkùnrin náà fi hàn lójú rẹ̀. Ó ya àwòṣe aṣọ híhun mẹ́wàá fún ilé ìsìn Sistine. Méje nínú àwòṣe náà ṣì wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Bramante kú ní ọdún 1514, òun ni a fi ṣe olórí àwọn tí ń kọ́ ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́. Ó tún bá Póòpù Leo Kẹwàá sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ba àwọn ilé àtijọ́ Róòmù jẹ́.

Iṣẹ́ wá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ. Raphael kó àwọn ọmọ-iṣẹ́ jọ, ó ń ṣètò àwòrán, wọ́n ń bá a kùn ún. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn lórí ọwọ́ ẹni tí ó wà lára díẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà ni Giulio Romano ti kọ́ṣẹ́, tí òun náà fi di ọ̀gá olókìkí.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 1520 ni Raphael kú, ní ọmọ ọdún 37. Inú Pantheon ní Róòmù ni a sin ín sí. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ ni ó parí iṣẹ́ tí ó kù sílẹ̀ ní Vatican. Ẹni tí kò tijú láti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ti kọ́ àwọn tí yóò dìde dúró lẹ́yìn rẹ̀.