Oskar von Miller: Ẹni tí ó Gbé Agbára Omi Wọ Ìlú

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ibi tí a ti ń pèsè rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, ìbáà ṣe ìsédò, oòrùn tàbí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n iná tí kò rí wáyà gbé e dé ilé kò wúlò fún ẹni tí ó jókòó sínú òkùnkùn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ rántí Oskar von Miller, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Jámánì.

Ìlú Munich ni a bí i sí ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 1855. Ferdinand von Miller, baba rẹ̀, ni ó da ère idẹ gàgàrà tí a ń pè ní Bavaria ní ìlú náà. Ìpàtẹ iná mànàmáná tí Oskar lọ wò ní Paris ní ọdún 1881 ni ó yí ọkàn rẹ̀ sí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ṣètò irú rẹ̀ ní Munich. Òun àti Marcel Deprez, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé iná wá láti Miesbach, ìrìn kìlómítà 57. Iná náà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ ti ṣòfò lójú ọ̀nà.

Kò juwọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1891, a fi ètò ìpàtẹ ńlá kan ní Frankfurt sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ó pinnu láti gbé agbára odò Neckar wá síbẹ̀ láti Lauffen, kìlómítà 175. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà pé ó lè ṣeé ṣe. Ilẹ̀ ìjọba mẹ́rin ni wáyà náà sì ní láti gbà kọjá. Ilé iṣẹ́ AEG àti Oerlikon ni ó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n gbé fóltì iná náà ga tó nǹkan bí 15,000, nítorí pé bí fóltì bá ṣe ń ga sí i ni òfò inú wáyà ń dín kù. Nígbà tí ó dé Frankfurt, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ìlò. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà, gílóòbù bí 1,000 tàn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára náà ni ó dé láìṣòfò.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń rọ ìjọba Bavaria pé kí ó náwó sí iná fún gbogbo ìlú àti abúlé. Ní ọdún 1918, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní adágún Walchensee, tí ó fi nǹkan bí mítà 200 ga ju adágún Kochelsee lọ. Ogun, àìrówó àti ọ̀wọ́n gógó kò dá a dúró. Iná jáde níbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1924. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní Bayernwerk sì na wáyà fóltì 110,000 já àwọn ìlú pọ̀, kí ibi tí iná bá pọ̀ sí lè ran ibi tí ó bá dín kù sí lọ́wọ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àmọ́ iṣẹ́ náà ní iye tirẹ̀: omi odò Isar tí a darí sínú adágún náà sọ apá kan odò ọ̀hún di gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Oskar von Miller náà ni ó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìmọ̀ ẹ̀rọ, Deutsches Museum, sílẹ̀ ní Munich ní ọdún 1903. Ó kú ní ìlú náà ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, ọdún 1934.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Lónìí, afẹ́fẹ́ pọ̀ ní àríwá Jámánì, ilé iṣẹ́ ńláńlá sì wà ní gúúsù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ri wáyà SuedLink mọ́lẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 700. Àwa náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí wáyà fóltì 330,000 ni ó ń gbé iná Kainji wá sí Ọ̀ṣogbo àti Èkó. Nísinsìnyí tí òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣètò iná tiwọn, ẹ jẹ́ kí a rántí pé owó tí a ná sórí oòrùn tàbí omi láìná sórí wáyà, ìdajì iṣẹ́ ni.