John Allen, Ọ̀gá nínú Iṣẹ́ Rélùwéè Kékeré

Ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba Ìkẹjà àti Agége kọjá. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà rẹ̀. Ó dé Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sì dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà láàárín ọdún 1950 sí 1960, ilé-iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí di púpọ̀ ní agbègbè náà. Láti ìgbà náà ni òjò, oòrùn, ọyẹ́ àti èéfín ti ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Páànù òrùlé ẹlòmíràn ti dógùn-ún, ọ̀dà ara ògiri ti ń ṣí, ẹrẹ̀ sì ti ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kọjá lára irú ilé bẹ́ẹ̀ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí wọ́n rò pé ohun tí ó ti gbó kò ní ẹwà mọ́.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí kò rò bẹ́ẹ̀. Ó wo irú àwọn ilé wọ̀nyí ní àwòfín, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ àfarawé wọn ní kékeré, ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ di olókìkí láàárín àwọn tí ń fi rélùwéè kékeré dárà. John Whitby Allen ni orúkọ rẹ̀.

A bí John Allen ní ìlú Joplin, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní ọjọ́ kejì oṣù Keje, ọdún 1913. Kò tíì dàgbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi kú, ó sì di ọmọ òrukàn. Bí ẹni pé èyí kò tó, ibà kan tí ó máa ń wọ inú oríkèé ara, tí ó sì máa ń ba ọkàn jẹ́, kọlù ú. Ó là á já, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò le bí ti ẹlòmíràn mọ́ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò yíyà, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì jọ ni ilé ìyafọ́tò kan ní Los Angeles. Iṣẹ́ yìí ṣe é ní àǹfààní tí ó ju ti owó lọ. Ayafọ́tò ní láti mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti í bà lé ohun gbogbo, àti bí òjìji ti í fi ìrísí wọn hàn. Báyìí ni ojú John Allen ṣe di ojú tí í wo nǹkan tí í sì rí i. Ó ṣọ́ owó rẹ̀ ná, ó sì fi èyí tí ó ní ṣe òwò tí ó mú èrè wá. Ní ọdún 1946, ó ta ìpín tirẹ̀ nínú ilé ìyafọ́tò náà, ó sì kó lọ sí Monterey, ìlú kan tí ó wà létí òkun ní California. Níbẹ̀ ni ó ti gbájú mọ́ rélùwéè kékeré.

Eré rélùwéè kékeré kì í ṣe ohun titun nígbà náà. Láti ọdún 1920 ni Frank Hornby, ọmọ ìlú Liverpool, ti ń ta ọkọ̀ ojú irin tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọkọ̀ náà àti àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa dán bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti ilé ìtajà. Ní ojú John Allen, irọ́ ni èyí. Ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ èédú kò lè ṣàìní èéfín lára. Ilé tí ó ti gba òjò fún ogún ọdún kò lè rí bí ilé àná. Kì í ṣe òun nìkan ni ó mọ èyí, nítorí John Ahern ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń kọ́ àwọn ilé kékeré tí ó rí bí èyí tí ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n John Allen wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di àṣà ní Amẹ́ríkà.

Ìwọ̀n tí ó yàn ni pé kí ohun gbogbo kéré sí ti tòótọ́ ní ìlọ́po mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Nípa èyí, ògiri tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 29 yóò di íǹṣì 4 péré, ènìyàn tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 kì yóò sì tó íǹṣì kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ra èyí tí a ti ṣe sílẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wọn ilé tòótọ́, yóò fi 87 pín ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, yóò sì gé páálí tàbí pákó tín-ín-rín bí ìwọ̀n náà ti wí. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí yóò sì kùn wọ́n ní ọ̀dà.

Níbi tí ẹlòmíràn bá parí sí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà tí a fi omi là títí ó fi ṣàn ni a óò dà sí ara ògiri, kí ó lè sá sí àárín pákó bí ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́. A óò lọ ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kúnná láti fi ṣe ìdógùn-ún páànù. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi í sí ibi gbogbo. Ibi tí ìṣó wà ni páànù ti í kọ́kọ́ dógùn-ún. Ibi tí omi òjò ń gbà ṣàn ni àbàwọ́n ti í gùn wá sílẹ̀. Òkè ẹnu ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà wọlé ni èéfín ti í dúdú jù. Àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan ní ìdí tirẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ kò lè mọ ibi tí yóò fi í sí. Nínú àwọn ilé tí John Allen kọ́, èyí tí a ti ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì gba ìyìn púpọ̀, nítorí ó ṣe inú rẹ̀ pẹ̀lú bí ó ti ṣe ìta rẹ̀.

Orí tábìlì kékeré ni rélùwéè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Gorre & Daphetid, orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí ó dún ní etí Gẹ̀ẹ́sì bí orúkọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bò, tí a sì ti ṣẹ́gun. Nígbà tí ó yá, ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí iyàrá abẹ́ ilé rẹ̀, ó sì ṣe é níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ó mọ àwọn òkè tí ó ga ju ènìyàn lọ. Ó fi dígí pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kí ọ̀nà lè dàbí ẹni pé kò lópin. Nítorí pé ó fẹ́ràn àwàdà, ó ṣe ẹranko ńlá ayé àtijọ́ kan tí ó ń fa ọkọ̀ ẹrù, ó sì pè é ní Emma. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa péjọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àkókò tí a kọ sílẹ̀, bí òṣìṣẹ́ rélùwéè tòótọ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a yìn ín fún ju gbogbo èyí lọ: kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọ àlàyé sínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tí kò lè dé Monterey lè kọ́ ọ níbi tí ó wà.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní, ọdún 1973, ọkàn tí ó ti ń dà á láàmú láti kékeré dá iṣẹ́ dúró, John Allen sì kú ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Iṣẹ́ ńlá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kí oṣù náà tó jáde, iná ṣẹ́ ní ilé rẹ̀, ó sì jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ó ti fi ogún ọdún kọ́. Ọkùnrin tí ó ti fi sùúrù ṣe àfarawé iṣẹ́ ìgbà kò ní rélùwéè tí ìgbà fúnra rẹ̀ yóò sọ di ogbó.

Síbẹ̀ iná kò lè jó ohun tí ó ti fi kọ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1981, a tẹ ìwé tí Linn Westcott kọ nípa rẹ̀ jáde, àwọn fọ́tò rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Títí di òní ni àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ lè rí dì mú nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé wíwò ṣáájú ṣíṣe: òrùlé tí ó dógùn-ún ní Agége lè kọ́ ọlọ́gbọ́n ní ohun púpọ̀ nípa omi, irin àti afẹ́fẹ́. Èkejì ni pé ohun tí a fi ọwọ́ kọ́ lè parun ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a pín fún ẹlòmíràn kì í bá oní-nǹkan kú.