Jeffrey Hunter: Captain Pike àkọ́kọ́ tó kú kí eré rẹ̀ tó jáde lódindi

Ẹni tó bá ń wo Star Trek: Strange New Worlds á mọ Captain Pike dáadáa. Anson Mount ló ń ṣe é. Àmọ́ òun kọ́ ni Pike àkọ́kọ́ o. Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó sórí àga yẹn ti kú láti ọdún 1969. Jeffrey Hunter lorúkọ rẹ̀.

Ìlú New Orleans, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1926. Henry Herman McKinnies lorúkọ àbísọ rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ológun ojú omi kó tó lọ sí yunifásítì, ibẹ̀ ló gbà dé ìdí fíìmù. Lọ́dún 1956, òun àti John Wayne jọ ṣe The Searchers. Lọ́dún 1961, òun ló ṣe Jésù nínú King of Kings.

Nígbà tí ọdún 1964 ń parí lọ, Gene Roddenberry gbé eré tuntun dé. Wọ́n ya The Cage kí iléeṣẹ́ NBC lè wò ó bóyá wọ́n á gbà á. Hunter ni Pike, ọ̀gá ọkọ̀ tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. NBC ní àròjinlẹ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n lọ ya òmíràn wá. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ rárá. Hunter ní òun ò ṣe mọ́, torí fíìmù sinimá ló wù ú, kò fẹ́ kí tẹlifíṣàn so òun mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe mú William Shatner nìyẹn, tí Captain Kirk sì gba ipò Pike.

Lọ́dún 1966 tí Star Trek bẹ̀rẹ̀, wọ́n nílò ìtàn kíákíá. Wọ́n lọ gbé The Cage jáde, wọ́n so ó mọ́ ìtàn tuntun, wọ́n pè é ní The Menagerie. Hunter ò sí níbẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá dá ọgbọ́n: wọ́n ní Pike ti fara pa yánnayànna, kò lè sọ̀rọ̀, kò lè rìn. Sean Kenney ni wọ́n kùn lójú, tí wọ́n gbé sínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ìtàn yẹn gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo lọ́dún 1967.

Hunter ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ó fara pa níbi tó ti ń ya fíìmù ní Spain. Nígbà tó padà délé, ó ṣubú, ó fi orí gbá nǹkan. Ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1969 ló kú. Ọmọ ọdún 42 péré ni. Lọ́sẹ̀ kejì gan-an ni apá tó kẹ́yìn nínú Star Trek ìgbà náà jáde.

Ọdún 1988 ni tẹlifíṣàn tó gbé The Cage jáde lódindi. Lọ́dún 2022, Strange New Worlds bẹ̀rẹ̀, eré tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí Kirk tó dé. Nínú rẹ̀, Pike ti rí i tẹ́lẹ̀ pé inú kẹ̀kẹ́ aláìsàn lòun máa bá ara òun, ìbẹ̀rù ìyẹn ló sì ń bá a kiri. Ọgbọ́n tí wọ́n dá lọ́dún 1966 torí pé Hunter ò sí nílé ló wá di ọkàn eré tuntun yìí.