Gbèsè ló kọ́kọ́ kọ́ Awólọ́wọ̀ ní ìṣirò owó, kí ìwé ẹ̀rí okòwò tó dé

Ẹ bá mi yọ ₦100 kan nínú àpò yín, bí ẹ bá ṣì ń rí i ná. Bàbá onífìlà àti onígíláàsì ojú tó wà lára rẹ̀ láti 1999 yẹn, gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́yà ni, olóṣèlú ni, òun ló dá iléèwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ bí mo bá bi èèyàn mẹ́wàá pé kí ni oyè àkọ́kọ́ tó gbà ní yunifásítì, mẹ́sàn-án ló máa sọ pé òfin ni. Irọ́ ni o. Okòwò ni. B.Com. ti Yunifásítì London ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ́kọ́ gbà, Ìbàdàn níbí ló sì jókòó sí tó fi kà á.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí ni pé lemọ́lemọ́ lẹ̀yin ọ̀dọ́ ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ṣé kéèyàn lọ ka Accounting tàbí Banking and Finance ṣì bójú mu? Èló ni yóò ná òbí ẹni? Èló ni wọ́n máa san féèyàn tó bá jáde? Èmi tí ẹ ń bi yìí, ìwé ẹ̀rí poli ni mo ní, iṣẹ́ ìròyìn ni mo sì fi ń jẹun, mi ò kì í ṣe akáńtáǹtì. Dípò kí n máa méfò, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹni tó san owó ìwé náà, tó sì jèrè rẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó tún ń la pákó. Ní 1920, ṣọ̀pọ̀nná pa bàbá náà. Ọmọ ọdún 11 ni Awólọ́wọ̀ nígbà yẹn, àtìgbà náà ni owó iléèwé ti di ẹrù tó ń dá rù. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ṣẹ́gi, ó sì ń ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn, títí tó fi dé Abẹ́òkúta. Ní 1927, ó wọ Wesley College ní Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà, àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀. Ó padà sí Abẹ́òkúta, ó ṣe tíṣà, ó kọ́ ìkọ̀wé kíákíá tí wọ́n ń pè ní shorthand àti títẹ ìwé. Èyí ló gbé e dé Èkó gẹ́gẹ́ bí atẹ̀wé. Ní 1932, Wesley College yìí kan náà gbà á padà, akọ̀wé ọ́fíìsì ló sì ṣe níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Owó oṣù akọ̀wé kò tó o. Ní 1934, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn, ó ń ṣòwò, ó ń fi mọ́tò kẹ́rù, ó sì ń ra kòkó. Òwò kòkó yìí ló fẹ́ẹ̀ pa á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwò yẹn ṣe ń lọ, torí ẹ̀kọ́ ìṣirò owó pọ̀ nínú rẹ̀. Alárinà ni ẹni tó ń ra kòkó. Owó tó fi ń rajà, kì í sábà jẹ́ tiẹ̀. Ó lè jẹ́ owó tó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó, ó lè jẹ́ èyí tó yá. Ó máa lọ sí oko, ó máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó ń lọ lọ́jọ́ náà, ó máa kó o wá sí ìlú. Bí ọjà bá gòkè kó tó tà á, ó rí jẹ. Bí ọjà bá já lulẹ̀, àgbẹ̀ ti gba owó tirẹ̀ lọ, ẹni tó yáni lówó ṣì ń retí owó rẹ̀ pé, alárinà nìkan ni àdánù máa wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí 1937 wọ 1938, owó kòkó já lulẹ̀ pátápátá lágbàáyé. Gbèsè sì gba dúkìá lọ́wọ́ Awólọ́wọ̀.

Ẹ wo ìgbà tó ṣẹlẹ̀ ná. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1937 ló gbé Hannah Ìdòwú Dídéolú níyàwó. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ṣì wà nílé nígbà tí àwọn olówó ń béèrè owó wọn. Ẹlòmíì ì bá sá kúrò nílùú. Òun jókòó, ó ń ṣe òwò kéékèèké, ó ń san gbèsè, ó sì gbé ìwé.

Ní ìgbà yẹn, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ti Ìbàdàn kò dé títí di 1948. Ẹni tó bá fẹ́ oyè yunifásítì láì kúrò nílé, ọ̀nà kan ló ní: kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Yunifásítì London gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ìta, kó máa kà á fúnra rẹ̀, kó wá jókòó ṣe ìdánwò kan náà tí àwọn tó wà ní London ń ṣe. Kó tó lè bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ ní láti yege nínú ìdánwò àbáwọlé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ló ku owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò àti owó ìwé. Ojú omi ni ìwé ń gbà wá, ogun Hitler sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ọkọ̀ ojú omi ń rì. Kò sí tíṣà tó dúró níwájú bọ́ọ̀dù, kò sí ẹni tí wọ́n jọ ń ka ìwé lóru. Lójú ọ̀sán, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ẹgbẹ́ wọn, ó sì ní ìyàwó àtọmọ láti bọ́. Wákàtí tó bá ṣẹ́ kù ló fi ń ka ètò ọrọ̀ ajé àti okòwò. Ní 1944, ó gba oyè náà. Ọmọ ọdún 35 ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ti dàgbà jù ní 25, mo kí yín o.

Oyè yìí kò sọ ọ́ di olówó lọ́jọ́ kejì. Òfin ló ń wù ú láti ọjọ́ pípẹ́, London nìkan ló sì ti lè kọ́ ọ. Ó ti kọ lẹ́tà sí olówó ńlá kan ní Ìjẹ̀bú rí, ó ní kó yá òun ní £1,400 láti lọ kàwé, ó sì ṣàlàyé bí òun yóò ṣe san án padà. Kò rí owó náà gbà. Òwò ló padà fi kó owó ọ̀nà jọ, ó sì wọkọ̀ ojú omi ní 1944. Ìyàwó rẹ̀ ló di ilé mú, ó ń ṣòwò, ó ń tọ́ àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ń ṣírò iye tí ìwé ẹ̀rí náni, ẹ ṣírò ti ẹni tó dúró sílé mọ́ ọn.

Ọdún 1944 yìí náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn, Akíntọ́lá Williams, lọ sí London. Òun gba B.Com. tirẹ̀ ní 1946, ó lọ sí ọ̀nà ìṣirò owó tààrà, ó di chartered accountant ní 1949, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó dé ipò náà. Ní 1952, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ rí i pé oyè kan náà ni, ọ̀nà méjì ló gbà. Awólọ́wọ̀ ní tiẹ̀ di lọ́yà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1946, ó padà sí Ìbàdàn, iṣẹ́ lọ́yà ló sì fún un lówó gidi. Ní 1949, ó dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ okòwò ti wá hàn ni ìgbà tó dé ìjọba. Láti 1952 ló ti ń darí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì di Prẹ́míà ní 1954. Òun àti S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ẹ̀kọ́, fẹ́ kí gbogbo ọmọ lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Olóṣèlú mìíràn ì bá kéde ọ̀fẹ́, kó máa wá owó lẹ́yìn. Awólọ́wọ̀ mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ò sí níbì kankan, ẹnì kan ló máa san án. Ìjọba rẹ̀ ní kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tó ń san owó orí fi ṣílè 10 àti pẹ́ńsì 6 lé e, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera.

Ha! Ìlú gbóná. Lọ́pọ̀ ibi, àwọn èèyàn kọ̀, wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Ẹgbẹ́ alátakò NCNC gbé ọ̀rọ̀ owó orí yìí kiri. Nígbà tí ìbò àpapọ̀ dé ní 1954, NCNC na ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ mọ́lé, ní Ìwọ̀-Oòrùn tó jẹ́ ilé rẹ̀. Ó lè dá owó náà dúró kó fi tẹ́ ìlú lọ́rùn. Kò dá a dúró. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1955, iléèwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 lọ́dún yẹn. Ní 1956, nígbà tí wọ́n tún dìbò ẹkùn, àwọn ará ìlú tí wọ́n bínú yẹn náà ló dá ẹgbẹ́ rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àtìyá wa àgbà tó mọ̀wé, owó ṣílè 10 àti pẹ́ńsì 6 yẹn ló wà nídìí rẹ̀.

Àmọ́ mi ò ní sọ ìtàn rere nìkan fún yín. Owó tó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ ìjọba yẹn, owó àgbẹ̀ oníkòkó ni. Ìgbìmọ̀ ọjà, Marketing Board, ló ń ra kòkó ní iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé, tó sì ń fi èrè pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti jìyà òwò kòkó rí, ìjọba rẹ̀ sì wá jókòó lórí èrè àgbẹ̀. Ní 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Coker tú àkáǹtì náà, wọ́n ní owó kan gba ilé iṣẹ́ kan kọjá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Action Group, wọ́n sì di ẹ̀bi púpọ̀ ru Awólọ́wọ̀. Àwọn tirẹ̀ ní òṣèlú ni, wọ́n fẹ́ bà á jẹ́ ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún akáńtáǹtì kò ju ọ̀kan lọ: owó ìlú àti owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé kan náà. Ní 1963, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba dé. Oṣù Kẹjọ 1966 ni Gowon tó dá a sílẹ̀.

Ní 1967, Gowon fi í ṣe kọmíṣánnà ètò ìnáwó fún gbogbo Nàìjíríà. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà. Ohun tí wọ́n fi ń yìn ín títí dòní ni pé wọ́n ja ogun oṣù 30 láì ti ọrùn bọ gbèsè ńlá òkè òkun. Ó dín ọjà tí à ń rà wọlé kù, ó bu owó orí, wọ́n sì pààrọ̀ owó bébà ní oṣù Kíní 1968. Ẹni tí gbèsè ti gba dúkìá lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ó mọ ohun tí gbèsè jẹ́.

Ní ìparí ogun, òfin kan jáde: ẹni tó ní owó ní báńkì ní ilẹ̀ Biafra, iye yòówù kó jẹ́, £20 péré ló máa gbà. Oníṣòwò tó ti fi ọdún 20 kó owó jọ gba £20. Ọ̀pọ̀ Igbo kò gbàgbé, orúkọ Awólọ́wọ̀ ni wọ́n sì ń dá lórí rẹ̀. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní owó Biafra kò ṣeé ṣírò mọ́, pé wọ́n ní láti fún àwọn èèyàn ní nǹkan kan. Mo gbọ́. Àmọ́ nọ́ńbà kan lórí bébà, ilé oníléé ló máa ń dé. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1971.

Ó gbé àpótí ààrẹ ní 1979 àti 1983, kò wọlé. Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987 ló kú sí Ìkẹ́nnẹ́.

Ó yá, ká padà sórí ìbéèrè yín. Owó iléèwé nìkan kọ́ ni ẹ máa ṣírò. Ẹ ka owó ìdánwò ICAN mọ́ ọn, torí láti 1965 tí òfin ti dá ICAN sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí yunifásítì tàbí HND nìkan kò sọ èèyàn di chartered accountant. Ẹ ka ọdún tí ẹ máa fi jókòó tì í. Ẹni tí kò rí owó yunifásítì, ATSWA tí ICAN ń ṣe wà níbẹ̀ fún un, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa kàwé lọ bí tàwọn bàbá wa.

Ní ti owó oṣù, mi ò lè búra fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé oyè okòwò yẹn fún Awólọ́wọ̀ ní ojú tó fi ń wo gbogbo iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, àti lọ́yà, àti ìwé ìròyìn, àti ìjọba. Nínú yín, ẹni tó bá ń ta aṣọ lórí fóònù, tó mọ èló ló wọlé, èló ló jáde, èló ni wọ́n jẹ ẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn ná. Kó lọ parí rẹ̀ ló kù.