Ta ló gbọ́ bùkátà ilé nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń kàwé ní London?

Ní Ìjù-Odò nílẹ̀ Ìkálẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú wa, owó oṣù ẹni tó níṣẹ́ l'Ékòó kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ìyá ń retí, àbúrò tó wà níléèwé náà ń retí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe tiránsífà sílé mọ ohun tí mò ń sọ. A máa ń sọ pé bùkátà ẹbí ló ń jẹ́ kéèyàn tẹpá mọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ìtàn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀.

Ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ló bá di ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé kó lè rówó iléèwé san. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ra kòkó, ó tún fi ọkọ̀ ṣòwò. Ẹ ò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ó fẹ́ Hannah Ìdòwú Dídéolú ní oṣù Kejìlá 1937. Kò pẹ́ sígbà náà tí òwò kòkó dẹnu kọlẹ̀, tí gbèsè wọlé dé.

Ní 1944, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti kọ́ṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ẹni ọdún 35 ni. Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀, kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, àwọn yòókù tún kéré sí i. Bàbá ọmọ tó ní òun ń lọ jókòó ti ìwé fún ọdún méjì! Tó bá jẹ́ lónìí ni, mọ̀lẹ́bí á pèpàdé. HID ló gba ẹrù náà. Òwò ló fi bọ́ ilé títí ọkọ ẹ̀ fi di lọ́yà ní 1946. Tá a bá ń sọ pé torí ẹbí ló ṣe ń ṣe wàhálà, ká má gbàgbé pé ẹbí náà ló tú u sílẹ̀ kó lè lọ.

Iṣẹ́ lọ́yà yẹn ló gbé e dìde. Ó di Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, nígbà tó sì di oṣù Kìíní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò rówó iléèwé san lánàá ló wá ń ṣètò ti ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́jọba kàn án, ẹrù tún padà sórí HID. Ṣẹ́gun, tóun náà ti di lọ́yà, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní oṣù Keje 1963. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ju bàbá ẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Obìnrin tọ́fọ̀ ọmọ ṣẹ̀ yìí ṣì jáde lọ polongo ìbò fún ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀. Oṣù Kẹjọ 1966 ni wọ́n tó dá Awólọ́wọ̀ sílẹ̀. Ó bá ilé lórí ìdúró.