Lavoisier, Ẹni Tó Tún Ásíìdì Sọ Lórúkọ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti jókòó ní kíláàsì kẹ́mísírì ọdún kìíní, tó sì ti há sulphuric, sulphate, sulphurous àti sulphite sórí, iṣẹ́ Antoine Lavoisier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kà.

Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí Lavoisier sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1743. Ọmọdé ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìmọ̀ òfin ló kà, ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì ló gba ọkàn rẹ̀. Ní ọdún 1768, wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ọba. Lọ́dún yẹn kan náà ló ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọba gba owó-orí. Agbowó-orí ni, bíi Sákéù. Owó tó ń rí níbẹ̀ ló fi ń ra irinṣẹ́ fún ìwádìí rẹ̀. Ní 1771, ó fẹ́ Marie-Anne Paulze, ẹni tó kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kó lè máa túmọ̀ ìwé fún un, tó sì ya àwòrán irinṣẹ́ sínú ìwé rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, àdììtú ni orúkọ inú kẹ́mísírì. Òróró vitriol ni wọ́n ń pe sulphuric acid, bẹ́ẹ̀ kò sí òróró kankan nínú rẹ̀. Iyọ̀ kan ń jẹ́ orúkọ ènìyàn, òmíràn ń jẹ́ orúkọ ìlú, bíi Epsom salt. Ní 1787, Lavoisier, Guyton de Morveau, Berthollet àti Fourcroy gbé ìwé kan jáde pé kí orúkọ máa sọ ohun tó wà nínú nǹkan. Ásíìdì tí ọ́síjìn inú rẹ̀ pọ̀ á parí sí -ic, iyọ̀ rẹ̀ á parí sí -ate. Èyí tí tirẹ̀ kéré á parí sí -ous, iyọ̀ rẹ̀ á parí sí -ite. Bí sulphuric acid bá pàdé béèsì tó ní sodium nínú, sodium sulphate ni iyọ̀ tí wọ́n máa bí. Orúkọ ọmọ ń fi bàbá àti ìyá hàn.

Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n náà ṣìnà níbì kan. Ó gbàgbọ́ pé kò sí ásíìdì tí kò ní ọ́síjìn nínú. Ìdí nìyí tó fi fún ọ́síjìn ní orúkọ tó túmọ̀ lédè Gíríìkì sí ohun tó ń bí kíkan. Kò tíì sẹ́ni tó tú hydrochloric acid wò, síbẹ̀ ó kà á mọ́ wọn. Ó sọmọ lórúkọ láìwo ilé. Ní 1810, Humphry Davy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé hydrogen àti chlorine nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí iyọ̀ rẹ̀ fi ń jẹ́ chloride. Òfin Lavoisier fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe.

Lavoisier kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Nígbà tí ìjọba ọba dojú dé, àwọn ará ìlú kò fẹ́ rí agbowó-orí sójú. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1794, wọ́n dá òun, bàbá ìyàwó rẹ̀ àti àwọn agbowó-orí mìíràn lẹ́jọ́, wọ́n sì bẹ́ wọn lórí lọ́jọ́ kan náà. Ẹni àádọ́ta ọdún ni. Orúkọ agbowó-orí bo gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú àwọn tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ̀yin ará, orúkọ agbowó-orí kan náà ni Sákéù ń jẹ́, ṣùgbọ́n Jésù wo inú rẹ̀. Kí a má ṣe yára fún ẹnikẹ́ni lórúkọ lórí kámpọ́ọ̀sì yìí. Àwa náà ń jẹ́ Kristẹni. Bí wọ́n bá tú wa wò bí wọ́n ṣe tú ásíìdì wò, ṣé wọn yóò bá Kristi nínú wa? Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.